Àwòrán Lásán Kọ́ Ni Òdòdó

Owó wọlé sórí fóònù Fuad lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ l'Ágọ̀-Ìwòyè tí òmíràn tún fi wọlé. Ó fò sókè. Gbénró ò parọ́!

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ló wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìbíadé lọ bá Gbénró, adáhunṣe kan tó ń gbé inú igbó lápá Òde-Omi. Jìbìtì ni Fuad ń lù. Nínú eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, níbi táwọn èèyàn ti ń kọ́lé, tí wọ́n ń ṣòwò bíi tayé gidi, ó sọ ara rẹ̀ di Kingsley, ó ń ta ilẹ̀ tí kò sí. Àwọn tó ni eré náà ò kà á léèwọ̀. Eré ṣáà ni, wọ́n ní kí kálukú la ojú ẹ̀. Àmọ́ àwọn oníbàárà ti ń fura, owó ò sì wọlé mọ́.

Yàrá Gbénró ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Nǹkan kan ń mí nínú ìkòkò.

"Dárúkọ ẹni tó gbà ọ́ gbọ́ jù," ni Gbénró wí. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò dowó."

Fuad rántí obìnrin kan tó ń jẹ́ Òdòdó nínú eré náà. Oṣù márùn-ún ló ti ń bá a dúnàádúrà ilẹ̀ tó fẹ́ fi ṣe ìsọ̀ aṣọ.

"Òdòdó ni, Bàbá. Àmọ́ kì í ṣèèyàn gidi o. Àwòrán lásán ni."

Gbénró rẹ́rìn-ín. "Ṣé àwòrán ló ń fọwọ́ tẹ fóònù?"

Ó gún Fuad níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìkòkò.

"Omi orí òkè kì í kọ ìpè ìsàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Òdòdó, máa ṣàn bọ̀!"

Ohùn obìnrin kan jẹ́ ẹ látinú ìkòkò. Ó jọ ohùn tí Fuad mọ̀. Ó gbọn orí, kò fẹ́ rò ó.

Ní báyìí, fóònù tún dún. Asimawu ìyá rẹ̀ ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Fuad, máa bọ̀! Ràhmát ẹ̀gbọ́n ẹ! Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú ẹ̀, ó ń jáde nímú!"

Aránṣọ ni Ràhmát. Òun ló ń rán Fuad nílé ìwé.

Nígbà tí ọ̀kadà fi gbé e délé, ètè Ràhmát ti funfun bí ẹfun. Fóònù rẹ̀ ń tàn lórí ẹní. Eré náà ló ṣí síbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò tíì fi ránṣẹ́: "Kingsley, ara mi ò yá. Jọ̀ọ́, má ta ilẹ̀ mi fún ẹlòmíì. Èmi Òdòdó."

Fuad fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó pe Gbénró.

"Bàbá, ẹ dá a padà! Ẹ̀gbọ́n mi ni!"

"Ọ̀bẹ kì í bi ẹran léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́," ni Gbénró fèsì. Ó pa fóònù.

Kí wọ́n tó pèrun Alásàrí, Ràhmát ti dákẹ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín.

Fuad kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé òun ni?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá mi. Mo fi Ọlọ́hun búra."

"Ta lo wá rò pé ó jẹ́?"



"Mo rò pé ọmọ ẹlòmíì ni."

 Asimawu dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Fuad síta.