Aṣọ Sójà tí Petrona Sá Sórí Ọgbà

Kí la ti mọ̀ nípa aṣọ sójà? A mọ̀ pé ó le, ó sì nípọn. A mọ̀ pé ó ní bàtàbàtà àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ òjìji, kí ọ̀tá má baà rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: báwo ni aṣọ ṣe ń mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Petrona Lambey ní Dangriga, ìlú etí òkun kan, lọ́dún tí orílẹ̀-èdè Belize gba òmìnira. N kò fi iyọ̀ sí i. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, wọn kò sì fẹ́ máa sọ ọ́.

Sixto, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Petrona bí, wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tuntun. Aṣọ kakí àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n pín aṣọ bàtàbàtà fún wọn, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ lọ́rùn kò ní yan níwájú àsíá. Àtìmọ́lé ló ń lọ. Petrona sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò, láti etí òkun dé ẹsẹ̀ afárá, pé ọmọ òun yóò yan.

Nígbà tó ku ọ̀la, Sixto gbé aṣọ náà wálé, ó sì lọ gẹrun. Petrona gbóòórùn aṣọ náà. Epo ẹ̀rọ ló ń rùn. Nínú ilé rẹ̀, aṣọ tuntun kì í kan ara ọmọ láìfọ̀. Ẹ kò mọ ọwọ́ tó ti dì í mú. Ó fọ̀ ọ́ nínú odò ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ ibùsùn ti kún orí okùn. Ó sá a sórí ọgbà ewé aláràbarà tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Dativa, bó ṣe ń sáṣọ síbẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ.

Ẹ ti rí ibi tí àṣìṣe náà wà.

Nígbà tí oòrùn kanrí, ó jáde láti kó o. Ọgbà wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀wù. Kò sí ṣòkòtò.

"Dativa! Ta ló kọjá níbí?"

Dativa jókòó ní òdìkejì ọgbà, ó ń rin ẹ̀gẹ́. Kò kúrò lórí àpótí láti àárọ̀.

"Kò sẹ́ni. Àfi adìẹ mi. Adìẹ mi kì í sì í wọ ṣòkòtò."

"Mi ò ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré. Ìjọba ń wá bójú ò ṣe ní rí aṣọ, ìwọ lọ sá a sórí ewé. Ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, Ìyá Sixto! Kí wọ́n lọ fún ẹni tó ya bàtàbàtà yẹn ní oyè!"

Petrona kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ewé títí. Ó rò pé òun rí ọrùn ẹ̀wù, ewé ni. Ó rò pé òun rí bọ́tìnnì. Ìgbín kékeré ni. Oòrùn ń jó o lẹ́yìn ọrùn. Bó ṣe ń wò ó tó ni ọgbà náà ń ki sí i.

Sixto dé, orí rẹ̀ ń dán.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ó ń rùn."

"Aṣọ ogun ni! Ṣé lọ́fínńdà ni kó máa ta?"

"Má pariwo mọ́ mi. Wá a."

Sixto mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá wa ní ká má máa wo àwọ̀. Èjìká ni ká máa wá. Igi kì í ní èjìká."

Ẹ̀kọ́ gidi ni. Wọ́n wá èjìká títí. Wọn kò rí èjìká.

"Ojú ti tàn wá jẹ," ni Petrona wí. "Ọwọ́ ló kù. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti etí odò. Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì. A ó pàdé láàárín."

Ó di ojú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú ewé, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ewé. Ẹ̀ka. Ewé. Ó ń gbọ́ bí Dativa ṣe ń rin ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹyẹ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun dákẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ.

Ó ṣì tutù. Ó nípọn. Apá ẹ̀wù ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó fà á. Kò wá. Ó tọ apá ẹ̀wù náà lọ títí dé ìparí rẹ̀.

Ó kan ọwọ́ ènìyàn.

Petrona rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pàdé láàárín nìyẹn.

"O ti wọ̀ ọ́ ní tútù? Ọ̀dẹ̀! O fẹ́ kí otútù mú ọ? O jẹ́ kí n máa jó nínú oòrùn láti ọ̀sán, tí Dativa ń fi mí ṣẹ̀sín! Jáde níbẹ̀."

Ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú. Ó rọra fún un, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù.

"Màmá," ni Sixto wí láti ẹnu ọ̀nà ilé, lẹ́yìn rẹ̀. "Ta lẹ ń bá wí? Omi ni mo wá mu."

Petrona la ojú. Ewé ló rí. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ewé dé ìgùnpá. Ohun tó dì í mú kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá sá. Ṣùgbọ́n ìbínú ọjọ́ náà ti pọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

"Bọ́ ọ," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ẹni yòówù kó o jẹ́. Ọmọ mi ló ni ín. Ó ń yan lọ́la. Bọ́ aṣọ ọmọ mi."

Ìka kan tú. Òmíràn tú. Lẹ́yìn náà, ewé nìkan.

Sixto fi àdá gé ọgbà náà dé ilẹ̀. Wọ́n gbọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Wọn kò rí fọ́nrán òwú kan.

Ní òwúrọ̀ òmìnira, Sixto wọ kakí àtijọ́, ó lọ jẹ́wọ́ ní bárékè. Kò pẹ́ tó fi padà wá bá ìyá rẹ̀ lẹ́bàá títì.

"Wọ́n ní mo ti wọlé kí n tó dé. Ẹ̀ṣọ́ ní òun lòun ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní èmi ni Sixto. Ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn, pé àwọn tó fẹ́ di sójà pọ̀ lónìí."

Ìwọ́de dé. Àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn sójà ń yan bọ̀, ìlà kò ní àlàfo.

"Ìyá Sixto, wò ó!" Dativa ń pàtẹ́wọ́. "Ọmọ rẹ nìyẹn! Ó mọ̀ ọ́n yan ju gbogbo wọn lọ!"

"Àǹtí Dativa, èmi rèé," ni Sixto wí. Èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Dativa kò yíjú.

Petrona wò. Ó mọ gbogbo ojú tó wà nínú ìlà náà, ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Ní àyè Sixto, ó rí fìlà. Ó rí bàtà. Níbi tó yẹ kí ojú wà, ojú tirẹ̀ ń yọ̀ kúrò bí ẹsẹ̀ lórí àpáta odò.

Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà bárékè lẹ́yìn náà. Ó lọ, ó tún lọ.

"Ara ọmọ yín le, Màmá," ni ẹ̀ṣọ́ ń wí.

"Pè é wá kí n rí i."

"Òun ló dúró tì mí yìí."

Petrona wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ògiri ló rí.

"Bí ó bá jẹ́ òun ni, ní kó pe orúkọ ìyá rẹ̀!"

Ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Àwa kì í bi sójà ní ìyẹn, Màmá. Ẹ máa lọlé."

Sixto wà nílé. Ó ń pẹja. Bí ó bá kí ènìyàn lójú ọ̀nà, àwọn kan a dáhùn. Àwọn kan a kọjá.

Nítorí náà, ẹ bá mi gbìyànjú ohun kan. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Dangriga kọjá, tí sójà kan bá ní kí ọkọ̀ yín dúró, ẹ kí i dáadáa. Ẹ béèrè orúkọ ìyá tó bí i. Ẹ má ṣe kánjú lọ. Ẹ dúró kó dáhùn.