Asẹ́ Tó Ń Gba Bàbà Lọ́wọ́ Omi

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn èèyàn fẹ́ẹ́ wá wo asẹ́ náà ní yunifásítì gan-an ni wọ́n jí i. Ọmọbìnrin tó ṣe é ló ṣílẹ̀kùn yàrá ìwádìí, tó bá orí tábìlì lófìfo. Asẹ́ ò sí, abọ́ omi tí asẹ́ ń gbé ò sí. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọlọ́pàá.

Obìnrin ni ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá. Afojúgbọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú onítọ̀hún ló máa ń wò, kì í wo ẹnu. Ó ní kí ọmọ náà ṣàlàyé bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ní ibi ìwakùsà ni bàbá òun ti lo agbára rẹ̀ tán, omi ìdọ̀tí ibẹ̀ ló sì ba odò jẹ́. Asẹ́ òun ń gba bàbà tó ṣẹ́kù nínú omi náà, omi á mọ́, wọn ò sì ní í máa gbẹ́ ilẹ̀ tuntun kiri. Yunifásítì ló ń ran àwọn ọ̀dọ́ bíi tòun lọ́wọ́ láti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ṣe olùtọ́sọ́nà òun.

Orí Afojúgbọ́rọ̀ wú. Irú ọmọ báyìí ni ìlú ń tọrọ.

Ó bi í léèrè ohun tí abọ́ omi wà fún.

“Bí asẹ́ bá gbẹ, ó kú nìyẹn, mà. Èmi àti olùtọ́sọ́nà mi nìkan la mọ̀.”

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní wọn ò jálẹ̀kùn. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ àti olùtọ́sọ́nà wọn ló ní kọ́kọ́rọ́. Gìrìpá, ọ̀dọ́kùnrin tóun náà ń ṣe ẹ̀rọ afọ́kùúta, ni gbogbo ẹnu ń tọ́ka sí, torí ó bá ọmọbìnrin náà jà lánàá lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣàfihàn. Kò jiyàn.

“Mo jà lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi borí, kí ni n ó wá jí iṣẹ́ rẹ̀ fún?” Ó wá ní kí wọ́n tú àpò òun wò bóyá òun ká a síbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀ mi orí. “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

“Bàbá,” ni Afojúgbọ́rọ̀ wí, “ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.”

Kí àlejò tó wọlé, ó kó gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn. Ó ní àwọn ti rí asẹ́ náà nínú àpò kan, ó ti gbẹ, ó sì ti là. Ọmọbìnrin bojú. Gìrìpá gbọ́wọ́ lé orí bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

“Kò lè gbẹ,” ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Inú abọ́ ló wà.”

Gbogbo ojú yí sí i.

“Irọ́ ni mo pa, sà; a ò tíì rí i,” ni Afojúgbọ́rọ̀ wí. “Ta ní í jí ẹja tí í gbé odò mọ́ ọn? Olè tí ò mọ asẹ́ yìí ì bá gbé e, kó fi omi sílẹ̀. Gìrìpá rò pé ó ṣeé ká sínú àpò. Ẹni tó gbé e tomitomi kò fẹ́ kó kú, ẹni méjì péré ló sì mọ̀ pé ó lè kú.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó. Ó ní inú búùtù ọkọ̀ òun ló wà. Ó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà títí, kò sí ohun kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ náà kùnà lónìí, kóun wá gbé asẹ́ jáde lọ́la bíi tòun.

Bí Afojúgbọ́rọ̀ ṣe yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má dè wọ́n níwájú èèyàn. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni Afojúgbọ́rọ̀ àti ọ̀jọ̀gbọ́n gbà jáde lẹ́yìn tí wọ́n gbé asẹ́ wọlé, tí àwọn àlejò sì jókòó. Wọn ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí àtẹ́wọ́ fi sọ ní gbọ̀ngàn, tó ń ró lákọlákọ. Omi ti mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró, ó gbójú sókè.

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Afojúgbọ́rọ̀ dáhùn. “Ká ní ẹ jókòó tì í ni, ẹ̀yin ni wọn ì bá kọ́kọ́ kí.”