Orin Tí Fáànù Bò Mọ́lẹ̀

Funfun báláú ni Uswat lọ́jọ́ tí Shuaib kọ́kọ́ rí i. Ìborùn rẹ̀ funfun, imú rẹ̀ funfun, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ń dán dúdú, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri.

Shuaib ló jẹ̀bi. Òun ló ń ṣe fáànù ńlá ní ṣọ́ọ̀bù kan lápá Ìkẹjà, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń fa ooru àti èéfín jáde. Àlàájà Sùlíyá, ìyá Uswat, ló ní kó wá de ọ̀kan mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì òun ní Agége, nítorí ooru ààrò fẹ́ẹ̀ pa àwọn obìnrin tó ń po fúláwà níbẹ̀. Shuaib so wáyà ní òdì. Bó ti taná sí i, ẹ̀yìn ni fáànù ń yí sí. Kàkà kó fa ooru jáde, ó fẹ́ wọlé bí ìjì, ó sì kó fúláwà inú àpò tó ṣí sílẹ̀ dà lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Shuaib wí, ó sáré pa iná fáànù.

"Mi ò bínú," ni Uswat dáhùn. "Ṣé ẹ ti fẹ́ gbé mi wọ ààrò báyìí ni, àbí ẹ ó kọ́kọ́ fi ṣúgà sí mi?"

Shuaib tún wáyà náà so. Ooru ilé ń jáde lọ, ooru mìíràn ń wọlé sí i láyà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí.

Látọjọ́ náà ló ti ń wá tọ́jú fáànù tí kò ṣàìsàn. Á nù ún, á fi òróró sí i, á yọjú wo Uswat. Uswat náà á gbé búrẹ́dì gbígbóná pamọ́ dè é. "Dókítà fáànù," á ní, "aláìsàn yín ti ń béèrè yín láti àárọ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Shuaib dọ̀bálẹ̀ pé kí Àlàájà jẹ́ kí òun rán àwọn ẹbí òun wá tọrọ Uswat, ìyá náà mi orí. "Rárá." Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn gbójú sókè wo fáànù, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Shuaib rò pé fáànù náà kò lágbára tó ni. Ọmọ dáadáa! Ó gbé ìkejì wá láìgba nǹkan kan. Ariwo fáànù wá di méjì, bí òjò àárọ̀ lórí páànù. Àlàájà kò tilẹ̀ wò ó mọ́.

Uswat fà á jáde síta. "Shuaib mi, bó o bá wà nínú ilé yẹn, kí lò ń gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àfi fáànù."

"Ohun tó ń dun Màámi nìyẹn."

Ó wá là á yé e. Bí wọ́n bá ń po fúláwà, orin ni ọwọ́ wọn ń tẹ̀lé. Àlàájà ló ń lé e, àwọn obìnrin ń gbè é, á sì máa dárúkọ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àlejò kì í wọ orin náà láé.

"Bàbá mi ti kú," ni Uswat wí, "ṣùgbọ́n gbogbo òwúrọ̀ ni Màámi ń dárúkọ wọn, tí a sì ń gbè é. Látìgbà tí fáànù rẹ ti dé, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Bí a bá yọ ọ́, ooru á pa wá. Bí a bá fi sílẹ̀, Màámi ò ní gbà ọ́. Mi ò sì lè fẹ́ ọ lẹ́yìn Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Shuaib padà wọlé. Ó yọ fáànù méjèèjì, ó sì gbé wọn lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló gbé padà wá, tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin. Eré tó ń sá ló ń mú fáànù tí ìyẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ pariwo. Èyí tó fẹ̀ lè rọra yí, kó sì kó afẹ́fẹ́ tó pọ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn ògiri, ó gé táyà àlòkù tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ kí ariwo má bàa jáde, ó sì taná sí i.

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" ni obìnrin kan béèrè. Ṣùgbọ́n èéfín ààrò ti yí orí padà, ó ń bá ihò ògiri jáde jẹ́jẹ́.

Àlàájà ki ọwọ́ bọ fúláwà. Ó tẹ́tí sí fáànù. Ó wá gbé ohùn sókè, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi gbè é:

*Fúláwà mi, dìde o,*
*Dìde!*
*Jimoh ọkọ mi ló kọ́ ààrò rẹ,*
*Dìde!*
*Uswat ọmọ mi ló ń pò ọ́,*
*Dìde!*

Ó dúró. Gbogbo ọwọ́ dúró sínú fúláwà. Ó wo ọmọkùnrin tó dúró lẹ́bàá ògiri, tòun ti àṣẹ́kù táyà lọ́wọ́.

*Shuaib àna mi ló lé ooru lọ…*

Àwọn obìnrin kò rántí gbè é mọ́. Igbe ayọ̀ ni wọ́n ké. Uswat nìkan ló gbè é: *Dìde!*

"Kí lo dúró wò?" ni Àlàájà sọ fún Shuaib, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kí àwọn ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú. Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kó o wá bá wa pò ó. A kì í dárúkọ ẹni tó káwọ́ gbera nínú orin yìí."

Shuaib fọ ọwọ́ rẹ̀. Uswat sún díẹ̀ fún un.