Ìtọ́wò Kì Í Ṣe Jíjẹ

Bọ́tìnnì ṣòkòtò ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìsọ̀ aránṣọ ni, ó tẹ̀ ba láti kí màmá tó jókòó nídìí fèrèsé, ni bọ́tìnnì bá já, ó fò fẹ́ẹ́, ó sì balẹ̀ sórí itan màmá. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú. Ó ga, ó sanra, ìyẹ̀fun wà ní apá rẹ̀, ó sì ń wò bíi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"A kì í fi òkò kí àgbà, ọmọ yìí," ni màmá wí.

Ọmọbìnrin màmá, aránṣọ tó ni ìsọ̀ náà, fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ọkùnrin náà wò ó, díẹ̀ ló kù kó gbàgbé ṣòkòtò. Ọjọ́ náà gan-an ni ìfẹ́ ti wọlé, èmi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Oníkéèkì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, torí òun ló ni ilé kéèkì tó wà níparí òpópónà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ti gbé ṣòkòtò yìí wá kí wọ́n bá a tú ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ wá.

Aránṣọ yẹ ojú rírán wò, ó mi orí. "Kò sí aṣọ tí mo lè tú mọ́. Ara yín ló kù tí ẹ máa dín."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ iṣẹ́ mi ni?"

"Mo fẹ́ iṣẹ́ yín. Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ láyé kẹ́ ẹ lè máa gbé e wá. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Àbúrò rẹ̀ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò lọ. Ẹnu aránṣọ ló ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tó fi wà ní ilé ìwòsàn. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti ga ju bó ṣe yẹ lọ," ni dókítà wí. "Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣì lè dá a padà. Ẹ jìnnà sí ohun dídùn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ nínú oúnjẹ yín, kí ẹ sì máa rìn lójoojúmọ́. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ní ẹ̀yìn ń dun òun náà nítorí ìjókòó, òun á bá a rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti ti ìsọ̀, wọ́n á jáde.

"Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"A ò tíì kọjá iwájú ilé yín o."

"Mo mọ̀. Ojú yín ni mo fẹ́ dúró wò."

"Ẹsẹ̀ la fi ń rìn, sà, kì í ṣe ẹnu."

Ìgbà tó fi máa pé oṣù méjì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, ẹ̀rín wọn sì ti ń dé ilé ṣáájú wọn. Ni Oníkéèkì bá lọ sọ fún màmá pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn.

Màmá kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ṣúgà ló pa bàbá ọmọ yìí," ni ó wí. "Ó kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ kan, kó tó wá gba òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi fọ egbò láràárọ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi fọ irú ẹ̀. Mú èsì ẹ̀jẹ̀ tó dáa wá, kí n fún ọ lọ́mọ."

"Màá mú un wá, mà. Láti oṣù méjì, ohun dídùn kankan ò kan ẹnu mi."

Kò pẹ́ sígbà náà ni màmá lọ ra búrẹ́dì ní ilé kéèkì. Láti ẹnu ọ̀nà, ó rí Oníkéèkì tó ki ṣíbí bọ inú bọ́tà tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà, ó fi sẹ́nu. Ó ki òmíràn bọ abọ́ kejì, ó fi sẹ́nu. Ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí màmá tó yí padà láìra nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni èsì oṣù mẹ́ta jáde: ṣúgà kò dín, ó tún fi díẹ̀ lé e.

"Òpùrọ́ ni," ni màmá wí. "Ọ̀rọ̀ ti parí."

Aránṣọ bínú dé ilé kéèkì. "Ṣé o purọ́ fún màmá mi?"

"Mi ò purọ́! Mi ò jẹ nǹkan kan!"

"Kí ni wọ́n rí lẹ́nu rẹ?"

"Ìyẹn? Mo tọ́ ọ wò ni. Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ."

Ẹ má bínú sí i. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ogún ọdún ni ahọ́n ti jẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Oníkéèkì kì í ka ìtọ́wò sí oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ kì í ti í ka àgékù sí aṣọ.

Aránṣọ wò ó títí, ìbínú rẹ̀ rọ̀. Ó gbé ife kan sórí tábìlì. "Lónìí, ohunkóhun tó o bá fẹ́ tọ́ wò, inú ife yìí ni kó o fi sí."

Kó tó di pé wọ́n ti ilé kéèkì, ife kan ti kún, ìkejì ti dé ìdajì. Oníkéèkì jókòó. Ẹ̀rù bà á.

"Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà," ni aránṣọ wí jẹ́jẹ́.

"Èmi wá ni ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún?"

"Rárá, àyànfẹ́ mi. Ìwọ ni ọgbà."

Láti ọjọ́ kejì, òṣùwọ̀n gidi wọ ilé kéèkì, ìtọ́wò sì di iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré fún abọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, iyọ̀ pọ̀ jù, àwọn oníbàárà dá kéèkì mẹ́ta padà. Ó dun ọkùnrin náà wọra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ṣíbí. Ó tún lọ bá màmá, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ife méjì náà fún un. Màmá gbọ́ ọ tán, kò sọ ju pé, "Ó dọjọ́ èsì."

Oṣù mẹ́ta mìíràn, èsì dé. Aránṣọ kà á sókè nínú ìsọ̀: ṣúgà ti padà sí bó ṣe yẹ kó wà.

Màmá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ṣé o lè ṣèlérí pé kò ní padà wá?"

"Mi ò lè ṣèyẹn, mà. Dókítà ní bí mo bá dẹra nù, ó lè padà. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé mi ò ní fi ọwọ́ ara mi pè é."

Ohùn màmá yí padà nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Bàbá ọmọ mi máa ń ní òun ò jẹ nǹkan kan. Ó ń ta tíì, gbogbo ìkòkò tíì oníṣúgà tó bá sè ló sì máa ń tọ́ wò kó tó bù ú fún èèyàn. Mo pè é ní òpùrọ́ títí ó fi kú. Mo rò pé kò fẹ́ràn wa tó ni."

Oníkéèkì kúnlẹ̀ níwájú màmá. "Kò purọ́ fún yín, mà. Òun náà ò mọ̀ ni."

Màmá sunkún. Aránṣọ náà sunkún, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, màmá wá rí i dárí jì. Ó nu ojú, ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi lé ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ lọ mú ọjọ́."

"Ẹnikẹ́ni ò tíì bi èmi léèrè o," ni aránṣọ wí láàárín omijé.

Oníkéèkì gbójú sókè. "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. A ó jọ gbó, a ó jọ tọ́."

Màmá ló kọ́kọ́ ṣe àmín.