Ọwọ́ Òsì Louisa

Ẹni tó bá pe èyí nírọ́, kó lọ sí Ọjà'ba, kó béèrè agbo ilé tí wọ́n ti fi òkúta dí kànga pa. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì kù láyé. Wọn ò ní fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sẹ́ ẹ nínú wọn.

Ọdún 1957 ni. Kúlúsúmù àti Louisa jọ wà ní kíláàsì kan, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, agbo ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé lábẹ́ òkè Mápó. Mùsùlùmí làwọn òbí Kúlúsúmù, onígbàgbọ́ làwọn òbí Louisa, ṣùgbọ́n inú abọ́ kan làwọn ọmọ méjèèjì ti ń jẹun. Ọlọ́wọ́ òsì ni Louisa. Tíṣà nà án títí, kò jáwọ́. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi ń gbèjà Kúlúsúmù. Ẹni tó bá gbá létí á rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Lọ́jọ́ náà, ibà dá Kúlúsúmù dùbúlẹ̀, kò lè lọ síléèwé. Èjìdé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Oorun ibà gbé ọmọ náà lọ, oorun tí kò ní àlá. Igbe ló jí i. Aṣọ ìbora rẹ̀ tutù rinrin. Ó rò pé òógùn ni.

Níta, wọ́n ti fa Louisa jáde nínú kànga. Orí rẹ̀ ti là. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ń ṣàn pọ̀ lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó ti kú.

Rachel, ìyá ọmọ, kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo ẹnu kànga.

Wọ́n sin ọmọ náà kí oòrùn tó wọ̀. Joseph, olùkọ́ni ìjọ, gbàdúrà, ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Pàà!

Fìlà rẹ̀ fò. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ojú ìka márùn-ún wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó pọ́n bí ẹyin iná. Kò sẹ́ni tó dúró nítòsí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àlùfáà Sàlámì wá kí Rachel. "Ẹ gba kádàrá, ìyá Louisa. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Pàà! Eyín bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní iléèwé, tíṣà Japheth dúró níwájú àwọn ọmọ tó ń sunkún. Òun náà sọ ọ́. Ìgbájú náà gbé e lu pátákó ìkọ̀wé, ẹ̀jẹ̀ tú nímú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá jáde. Kúlúsúmù nìkan kò sá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló ń wò. Ó mọ ẹni tí í máa gbá ènìyàn níbẹ̀. Kò sọ fẹ́nì kan.

Ṣùgbọ́n agbo ilé ti mọ̀. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Gàníyù, baálé wọn, pe gbogbo wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

"Ọmọ yìí ò gbà pé Ọlọ́run ló mú òun," ó ní. "Kí kálukú wá sọ ọ́. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́, á dìde. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò bá mọ́, ìgbájú náà á pa á."

Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Pàà! Ó ṣubú, ó dìde. Wọ́n ń tò lé e. Ètè ń bẹ́, etí ń hó, àwọn àgbà ń sunkún bí ọmọdé. Èjìdé ṣubú, ó dìde. Kò sẹ́ni tó kú.

Ó wá kan Kúlúsúmù. Ó di ojú.

"Àmúwá Ọlọ́run ni."

Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan tó tutù fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó la ojú. Gbogbo ènìyàn ń wò ó.

"Kí ló dé tí kò nà án?" ẹnì kan béèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu. Èkejì bà á níkùn. Àwọn tó ti ń bu oúnjẹ fún un láti kékeré ń fi igi lù ú. Èjìdé ń bù wọ́n jẹ, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gàníyù gbá Kúlúsúmù mú lọ́rùn, ó ti orí rẹ̀ bọ ẹnu kànga.

"Sọ̀rọ̀! Kí lo ṣe fún Louisa?"

"Mo sùn ni, Bàbá! Mo sùn!"

Rachel dìde. Ó gbé ọmọ odó, ó là á mọ́ apá Gàníyù. Egungun ró kàù.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá pa á, ta ni yóò sọ fún mi?"

Èjìdé gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Bẹyẹrunkà. Láti ọjọ́ náà, ìgbájú náà dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, ó sọ ọ́ lásán.

Ó pẹ́ kí Rachel tó wá. Ó jókòó ti Kúlúsúmù lórí ẹní, apá ọmọ náà ṣì wú.

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo sùn ni."

"Kò nà ọ́."

"Kò nà mí, mà. Ó fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́ ni."

Rachel sún mọ́ ọn. "Báwo lọwọ́ rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó tutù, mà."

"Ó tutù?"

"Bí omi kànga. Bí aṣọ ìbora mi nígbà tí mo jí."

Ìyá Louisa fa gèlè rẹ̀ bojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ó bú sẹ́kún.