Abẹ́ Igi Dóńgóyárò

Káfíńtà náà gbé ọmọ igi ọsàn tó ti kú wọ ọgbà bí ẹni gbé ìkókó tó ń sùn. Obìnrin tó ń tọ́ irúgbìn tà níbẹ̀ gbójú sókè, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá ọlọ́gbà, ìkẹta rèé. Àbí òkú lẹ ń tà fún mi ni?"

"Ta ni ìyá rẹ? Kí lo fi ń bọ́ wọn, pákó?"

"Ẹwà yín ni mo ń ròyìn fún wọn. Bóyá ìtìjú ló ń pa wọ́n."

Obìnrin náà bá a délé lọ wo ilẹ̀ rẹ̀. Igi dóńgóyárò ńlá kan na apá bo ẹ̀yìnkùlé. Ewé rẹ̀ ni káfíńtà ń gbá jọ, tó fi ń bo ìdí àwọn ọmọ igi, kí oòrùn má baà pa wọ́n. Àánú ló fi ń ṣe é.

"Ìwọ lo pa wọ́n," obìnrin náà wí. "Bí ewé yìí bá jẹrà, oje rẹ̀ á wọ ilẹ̀ lọ. Kì í jẹ́ kí gbòǹgbò ọmọ igi mìíràn rìn."

"Ewé tó ń wo ibà wa sàn?"

"Òun náà ni, ọ̀rẹ́ mi."

Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti di àyànfẹ́ ara wọn. Káfíńtà fẹ́ gé igi náà, kí obìnrin náà, tó fẹ́ fi ṣe aya, lè rí ilẹ̀ gbin nǹkan sí. Ìyá káfíńtà, tí wọ́n jọ ń gbé, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, fi ẹ̀yìn ti ìdí igi.

"Ọwọ́ baba rẹ ló gbìn ín. Obìnrin tí kò tíì wọlé, ó ti fẹ́ gé baba rẹ lulẹ̀?"

Káfíńtà fa ayùn yọ. Olólùfẹ́ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí o bá gé e, omijé màmá ni yóò máa ro sílẹ̀ yẹn. Kò sí ohun tí yóò hù níbẹ̀. Máa tọ́jú màmá. N ó dúró dè ọ́."

Obìnrin náà dúró. Ọsàn tó tà fún àwọn ẹlòmíràn so, wọ́n rẹ̀ dànù. Irun rẹ̀ funfun. Àkókò ọmọ bíbí kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n sin ìyá tán, káfíńtà gbé ayùn lọ sídìí igi. Ó dúró títí, ayùn ò kan èèpo.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí.

Obìnrin náà rọra gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o gé e? Kó aṣọ rẹ ká lọ sílé mi, olówó orí mi. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀kùn yàrá mi ti ń han bí mo bá ń ṣí i. Mo kọ̀ kí káfíńtà mìíràn fọwọ́ kàn án."