Alága Mo-ti-gbọ́ Padà Dé

"Ẹ rọra o! Àbí ẹ fẹ́ da tábìlì mi nù ni?"

Olùtà ìwé ìròyìn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, èrò ti bo tábìlì rẹ̀ bí èèrà ṣe ń bo ṣúgà. Mo gba abẹ́ apá ọkùnrin gíga kan kọjá, mo na ọrùn sí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Òun náà mà ni lóòótọ́! Alága Mo-ti-gbọ́, pẹ̀lú fìlà gogoro rẹ̀ àti ikùn rẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ìpàdé.

Bí o kò bá tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ṣeé ṣe kí o má mọ̀ ọ́n, nítorí náà jẹ́ kí n sọ fún ọ. Alága yìí kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, àpótí àwòrán mẹ́rin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará ìlú á gbé ẹjọ́ wá, Alága á ní, "Mo ti gbọ́," lẹ́yìn náà á lọ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti gbogbo ayé. Nílé wa, bí màmá mi bá rán bàbá mi níṣẹ́ tí kò wù ú, "Mo ti gbọ́" ni bàbá mi máa ń dáhùn, màmá mi á sì ní, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú." Àmọ́ ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí àwòrán náà dáwọ́ dúró lójijì. Kò sí ó dàbọ̀, kò sí ìdí. Ẹni tó ń yà á kò sì fi orúkọ sí i rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n lọ bá Alága pé òrùlé ilé ìkàwé ń jò, ìwé ń bàjẹ́. "Mo ti gbọ́," ni ó wí. Nínú àpótí tó kẹ́yìn, ó ń kan pátákó mọ́ ara ògiri: ÒJÒ KÒ GBỌDỌ̀ RỌ̀ NÍBÍ LÁÌGBA ÀṢẸ.

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn mi. "Ta ló ń ya nǹkan yìí gan-an?" ni mẹkáníìkì kan béèrè.

"Lọ́yà kan ni," ni onígbàjámọ̀ àdúgbò wa dá a lóhùn.

"Irọ́ ni. Ẹni yẹn ti kú tipẹ́, ọmọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà," ni olùtà ìwé ìròyìn wí, bí ẹni pé òun ló sin òkú náà.

Mo gé ètè mi jẹ kí n má baà sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń yà á.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? N kì í lè rí ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé kí n má gbé etí lé e. "Kí-ló-dé" ni wọ́n ń pè mí nílé àti níléèwé, nítorí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, olóòtú ìwé ìròyìn náà wá bẹ Ìyá àgbà ní yàrá pé kó tún máa ya Alága, mo sì dúró gbagidi sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Wọlé wá, ìwọ elétí ehoro," ni Ìyá àgbà ké láti inú yàrá. "Ojú rẹ ni mo nílò, kì í ṣe etí rẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń yàwòrán dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́ nítorí pé ó ń gbọ̀n. Bí mo ṣe di akọ̀wé rẹ̀ nìyẹn. Òun á yàwòrán, èmi á fi fóònù mi ya fọ́tò rẹ̀, màá to ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, màá sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú. Òfin méjì péré ló ṣe fún mi: kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n má sì fo àmì ohùn kankan.

"Ìyá àgbà, kí ló dé? Gbogbo ènìyàn ló ń kọ̀wé láìsí àmì báyìí, ó sì ń yé wa."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí èmi náà sọ nígbà náà lọ́hùn-ún nìyẹn."

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó wọ ilé ìtẹ̀wé ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, agbára káká ló fi ń ka orúkọ ara rẹ̀. Tíṣà kan ló máa ń wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Tíṣà Àmì ni wọ́n ń pè é, nítorí bí o bá kọ odidi ojú ìwé kan tí àmì ẹyọ kan já, àtúnkọ ni. Ọkùnrin yìí ló kọ́ Ìyá àgbà títí ó fi ń to lẹ́tà, títí ó fi di ẹni tó ń pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé Tíṣà lọ sí iléèwé kan ní ìlú mìíràn, Ìyá àgbà ní kí Alága bá òun dágbére fún un. Ó ya Tíṣà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, ó ya Alága tó ṣí fìlà, láìfi ẹ̀fẹ̀ kankan sí i. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ẹ wò ó o, tíṣà tó kọ́ wa ló ń lọ."

"Lẹ́tà òjé, tí a ń fi ọwọ́ tò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, la fi ń tẹ̀wé nígbà yẹn," ni Ìyá àgbà wí. "Àwọn tó ní àmì lórí kò tó nínú àpótí lẹ́tà mi, ẹ̀rọ sì ń dúró dè mí. Mo ní, ó máa yé wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì."

"Ṣé kò yé wọn ni?"

"Ta ló fẹ́ gbà pé Alága lè yin ènìyàn? 'Kọ́' tí mo kọ, ẹni tó fún ni lẹ́kọ̀ọ́, 'kọ̀' ni wọ́n kà á. Tíṣà tó kọ̀ wá! Tíṣà tó kẹ̀yìn sí wa! Ṣebí ó ń lọ lóòótọ́. Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ń pa á lówe tẹ̀lé e títí dé ibùdókọ̀. N kò fọwọ́ kan gègé mọ́ láti ọjọ́ náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ bá a?"

"Ojú tì mí." Ó tún awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Tíṣà ti padà sí ìlú yìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ni ilé oògùn lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà. Ó ti pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Àwòrán kẹta ni mo torí rẹ̀ gbà láti padà. Àwòrán ìdágbére yẹn kan náà ni, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ kà á kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo búra o, tọkàntọkàn.

Àwòrán kìíní jáde, ìkejì jáde. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, iléèwé wa ti gbóná. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló ń ya Alága, wọ́n sì ń bá a gbé báàgì kiri bí ọmọ ọba. Irọ́ funfun báláú! Àfi bí ọ̀rẹ́ mi, Rédíò, ṣe tún kọjú sí mi. Rédíò là ń pè é, torí ìròyìn kì í sùn mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí-ló-dé, pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè rẹ, o ò mọ nǹkan kan," ni ó wí. "O kàn ń dààmú wa lásán ni."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Kí a tó wọlé fún ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ìdánwò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fa fóònù yọ, mo ju àwòrán kẹta sínú ẹgbẹ́ kíláàsì wa lórí fóònù. N kò tíì to ọ̀rọ̀ sí i, nítorí náà mo sáré tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀: "E wo o, tisa to ko wa lo n lo. Ti Satide niyi. Ile wa ni won ti n ya a." Ta ló ráyè àmì lórí fóònù? Mo tún fi kún un pé kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, bí ẹni tó da omi sílẹ̀ tó tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣàn.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wákàtí méjì péré ni ẹ̀kọ́ wa gbà. Nígbà tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀, ó ti gbé fóònù sókè tó ń fi han àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Alága ti padà sẹ́nu iṣẹ́ o!" ni ó ń ké. "Tíṣà tó kọ̀ wá! Ta ni wọ́n tún ń bú báyìí?"

"Kọ̀" ló pè é, ohùn ìsàlẹ̀ ketekete. Mo rántí ọkùnrin arúgbó tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé.

Ìyá àgbà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ohùn olóòtú sì ń jáde láti inú fóònù. "Màmá, ẹ má wulẹ̀ fi àmì kankan sí i mọ́. Bí wọ́n ṣe ń kà á yẹn ló dùn mọ́ wọn."

Ìyá àgbà pa fóònù. Ó wò mí. "Ta ló rí àwòrán yìí yàtọ̀ sí èmi àti ìwọ?"

Irọ́ ti tò sí mi lẹ́nu. Mo lè ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló tú u síta. Mo lè ní ẹnìkan yọ́ gbé fóònù mi. Mo wo gègé tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, irọ́ náà kò sì jáde.

"Èmi ni, Ìyá àgbà. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ nǹkan."

Kò lù mí, kò bú mi. Ì bá sàn kó lù mí. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, n kò ní ọdún mẹ́rìnlélógún mìíràn nílẹ̀ o."

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo jáde, mo sì forí lé ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. N kò mọ ohun tí màá sọ, mo ṣáà mọ̀ pé bí mo bá dúró rò ó, n kò ní lọ mọ́.

Ọmọ Tíṣà wà nínú ilé oògùn náà, ó ń to ìgò sórí pẹpẹ. Bí mo ṣe sọ pé ọmọ ọmọ ẹni tó ń ya Alága ni mí, ojú rẹ̀ le. "Bàbá mi ti rí i," ni ó wí. "Oníbàárà kan ló fi hàn án. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀." Ó ronú díẹ̀, ó sì ní kí n gòkè.

Bàbá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló jókòó sójú fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: lẹ́tà òjé, àpótí tí àmì kò tó nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kíláàsì wa, Rédíò, ìgbéraga mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, 'tíṣà tó kọ́ wa' ni Ìyá àgbà mi kọ. Kò kọ 'kọ̀' rí. Nígbà àkọ́kọ́, àmì ló já. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, èmi ni mo jẹ̀bi."

Bàbá náà kọjú sí mi. "Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé àmì ló já?" ni ó béèrè. "Èmi ni mo kọ́ ìyá àgbà rẹ. Mo mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń yá jù."

Mo gbé orí sókè. "Kí ló dé tí ẹ fi ń bínú nígbà náà, sà?"

"Odidi ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi di ẹrù mi lọ́dún náà. Láti ilé ìtẹ̀wé dé ilé mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ọ̀nà. Kò wá. Ni mo bá ní, bóyá bí àwọn èèyàn ṣe kà á náà ló ṣe ní in lọ́kàn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Bí ó bá ti yọjú sí mi pẹ́rẹ́, ó parí." Ó wò mí dáadáa. "Ìwọ, ìgbà wo ni o ṣe tìrẹ?"

"Lónìí, sà. Lọ́sàn-án yìí."

"O sì ti dé."

"Mo ti dé, sà."

Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. Mo ní kí n lọ pe Ìyá àgbà wá bá a, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó ti ń sá fún ni láti ọdún mẹ́rìnlélógún, bí a bá ránṣẹ́ pè é, yóò tún sá. Èmi dì í mú lápá ọ̀tún, ọmọ rẹ̀ dì í mú lápá òsì, a ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí a fi délé wa.

Ìyá àgbà ṣì wà nídìí tábìlì. Nígbà tó rí ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dìde, ó sì di àga mú kó má baà ṣubú. "Tíṣà," ni ó wí.

"Kí ni o kọ lọ́jọ́ náà?" ni Tíṣà béèrè. "Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ wò ó o, tíṣà tó kọ́ wa ló ń lọ."

"Tún un sọ."

"Tíṣà tó kọ́ wa..." Omijé kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà. Ó yẹ kí n ti wá."

"Jókòó, ìwọ ọmọ yìí," ni Tíṣà wí fún ìyá àgbà ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, "kí o tó ṣubú."

Wọ́n jọ jókòó títí ọjọ́ fi rọ̀. Ẹ̀rín wọn ni mo ń gbọ́ láti ìta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé mi, n kò gbé etí mi lé ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, àwòrán náà jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ pérépéré, torí Ìyá àgbà ti sọ fún olóòtú pé bí ẹyọ kan bá já, Alága kò ní padà mọ́. Bàbá mi gba fóònù mi títí di òpin ìdánwò. Kí ó tó gbà á, mo fi ohùn ara mi sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ kíláàsì pé mo fọ́nnu, àti pé ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ba ènìyàn rere kan lórúkọ jẹ́. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fo àmì ohùn o, nítorí ohun kékeré báyẹn ló lè sọ oore di èébú. Ṣùgbọ́n èyí tó jù ú lọ rè é: kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Ìtìjú tó mú wa sá fún ẹni tí a ṣẹ̀ ló burú ju àṣìṣe lọ, òun ló sì jẹ ọdún mẹ́rìnlélógún mọ́ ọ̀rẹ́ méjì lọ́wọ́. Bí o bá ṣẹ ènìyàn, dìde kí o lọ bá a lónìí, nígbà tó ṣì wà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ lè dé.